Etí Ni Ká Fi Kọ Ọ̀rọ̀: Ohun Tí Àwọn Olóṣèlú Kọ́ Wa Nípa Sísọ̀rọ̀ ní Gbangba

Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìfarabalẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1863, ọkùnrin méjì sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun sí mímọ́ ní Gettysburg, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Edward Everett, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ láyé ìgbà náà, ni wọ́n pè gan-an pé kó wá sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ó sì lo nǹkan bí wákàtí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ààrẹ Abraham Lincoln dìde. Gbogbo ohun tó sọ kò ju nǹkan bí 270 ọ̀rọ̀ lọ. Kó tó di pé àwọn tó wà lẹ́yìn fara balẹ̀, ó ti jókòó. Lọ́jọ́ kejì, Everett fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí Ààrẹ pé inú òun ìbá dùn ká ní òun sún mọ́ kókó ọ̀rọ̀ náà ní wákàtí méjì bí Lincoln ṣe sún mọ́ ọn ní ìṣẹ́jú méjì.

Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ ìtàn yìí, ohun tí wọ́n máa ń mú níbẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ ṣáà ti kúrú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nelson Mandela dúró ní kóòtù ní Pretoria ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1964, ó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, a ò sì tíì rí ẹni tó ní kó gé e kù. Ààrẹ William Henry Harrison ní tirẹ̀ ka 8,445 ọ̀rọ̀ nínú òtútù lọ́jọ́ tó gorí àlééfà ní ọdún 1841, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ó ṣòro kéèyàn tó rí ẹni tó lè ka gbólóhùn kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀ lónìí. Gígùn kọ́ ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Mandela ti ń tọ ojú ọ̀nà kan bọ̀, títí ó fi dé gbólóhùn ìkẹyìn: pé ìlú tí gbogbo ènìyàn yóò ti wà lómìnira, tí ẹnì kan kò ní ga ju ẹnì kejì, ni òun ń lépa, àti pé bó bá di dandan, òun múra tán láti kú nítorí rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ kó fi “bó bá di dandan” kún un, kó má baà dà bí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú wá. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn mú kí gbogbo èyí tó kù wúwo sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí olùgbọ́ gbé lọ sílé. Kó má ju ọ̀rọ̀ 15 lọ. Bí “àti” bá wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì lẹ fẹ́ sọ. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sí òkè ìwé níbi tí ojú yín ti lè máa rí i. Ìpínrọ̀ yòówù tí ẹ bá kọ tán, ẹ bi í pé kí ló ṣe fún gbólóhùn òkè yìí. Èyí tí kò bá ní èsì, ẹ yọ ọ́. Àpèjúwe tó dùn, tí kò sì níṣẹ́ níbẹ̀, ló máa ń ṣòro jù láti yọ, òun náà ló sì ń gba olùgbọ́ lójú ọ̀nà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Etí kì í padà sẹ́yìn. Ẹni tó ń kàwé lè tún ìlà kan kà. Ẹni tó ń gbọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sọnù ní gbólóhùn kan, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ti lọ kó tó dé. Ẹni tó mọ èyí dáadáa ni Ààrẹ Franklin Roosevelt. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1933, ilẹ̀kùn àwọn báńkì Amẹ́ríkà ti wà ní títì láti bí ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé àwọn ènìyàn ń sáré kó owó wọn jáde. Roosevelt bọ́ sórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ nípa báńkì. Kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 lọ. Ó ṣàlàyé pé owó téèyàn bá kó sí báńkì, wọn kì í tì í mọ́ inú àpótí. Wọ́n ń yá ẹlòmíràn, wọ́n ń fi dókòwò, ìdí nìyẹn tí kò fi sí báńkì tó lè san owó gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ ohun tí ìjọba ti ṣe. Ó wá sọ ohun tí ojú wọn máa rí bí ilẹ̀ bá mọ́: báńkì ìlú 12 tí báńkì àpapọ̀ ti fìdí múlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí, àwọn ìlú mìíràn yóò tẹ̀ lé e, bí báńkì ẹnì kan kò bá sì ṣí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò túmọ̀ sí pé kò ní ṣí mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí, ńṣe làwọn ènìyàn ń kó owó padà wá.

Ẹ wo bó ṣe tò ó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, ohun tí a ti ṣe, ohun tí ẹ máa rí lọ́la. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ aṣáájú máa ń fò. Olùgbọ́ tí a kò bá sọ fún pé báńkì tirẹ̀ lè pẹ́ ṣí, àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni jìnnìjìnnì yóò tún dà bò ó, gbogbo àlàyé alẹ́ àná yóò sì dòfo.

Nínú gbólóhùn fúnra rẹ̀, ẹ máa ṣọ́ “tí”. Gbólóhùn tí “tí” mẹ́ta bá so kọ́ ara wọn nínú rẹ̀, etí kò ní lè gbé e. Ẹ gé e sí méjì. Ẹni tó ṣe nǹkan àti ohun tó ṣe kò gbọdọ̀ jìnnà síra. Iye kan ṣoṣo ló tó fún ìpínrọ̀ kan, kí ẹ sì sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn láti gbé: “ó dín díẹ̀ ní ìdajì” máa ń dúró lọ́kàn ju “48.7 nínú ọgọ́rùn-ún” lọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè sínú fóònù, kí ẹlòmíràn tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kan péré láìwo ìwé, kó wá sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ibi tó bá ti sọ ohun tí ẹ kò sọ, ìwé ni kí ẹ tún ṣe; ẹ má dá olùgbọ́ lẹ́bi.

Ẹni tó máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ní ohun kan láti ṣọ́ra fún. Elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ohùn rẹ̀ sókè lórí ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ tẹ̀ mọ́ni létí. Èdè tiwa kò gba ìyẹn, nítorí ohùn ni ìtumọ̀: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹni tó bá lọ gbé ohùn Kennedy tàbí ti Obama wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá yóò máa sọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Àyè tí a fi ọ̀rọ̀ sí la fi ń tẹ̀ ẹ́: “Wọ́n gba ilẹ̀ wa” yàtọ̀ sí “Ilẹ̀ wa ni wọ́n gbà.” A tún lè dánu dúró díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, tàbí ká tún un sọ.

Àtúnsọ náà ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1940, Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Britain, sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London pé àwọn yóò jà létí òkun, àwọn yóò jà níbi tí ọ̀tá bá ti gúnlẹ̀, àwọn yóò jà nínú pápá àti ní ìgboro, àwọn yóò jà lórí òkè, àwọn kò ní juwọ́ sílẹ̀ láé. “Àwọn yóò jà” ń dún lọ́nà kan náà, kò gba agbára lọ́wọ́ etí. Gbogbo agbára náà wá lọ sórí ibi tuntun tó ń tẹ̀ lé e. Ibi yẹn sì ń sún mọ́ ilé: etí òkun, pápá, ìgboro. Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ sọ tí kò sí ohun tuntun tó tẹ̀ lé e, ariwo lásán ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn ará ìlú kò gbọ́ ohùn Churchill lórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ náà. Òǹkàròyìn BBC ló ka apá kan rẹ̀ fún wọn. Èyí tí à ń gbọ́ lóde òní, ọdún 1949 ni Churchill gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti bá etí mu látorí ìwé, ẹnu ẹlòmíràn pàápàá lè gbé e délé.

Ẹ má fi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sí orí pèpéle. Nígbà tí àwọn ará Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní ọdún 1941, ohun tí Roosevelt kọ́kọ́ ní kí wọ́n tẹ̀ ni pé ọjọ́ náà yóò wà nínú ìtàn ayé. Ó mú kálàmù, ó fa ìlà gba orí “ìtàn ayé”, ó kọ ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí ìwà ẹ̀gbin tí a kò ní gbàgbé. Ọjọ́ tí yóò wà nínú ìtàn pọ̀. Ọjọ́ ẹ̀gbin kò pọ̀. Ní àkà kejì, ẹ wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò fún ohunkóhun, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago. Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 20, ohun tó máa gba ìṣẹ́jú 16 ni kí ẹ kọ, nítorí ìdánudúró àti àtẹ́wọ́ yóò jẹ èyí tó kù.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bi wá ni pé ṣé ká kà á ni, àbí ká há a sórí. Churchill há a sórí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1904, okùn ọ̀rọ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ilé ìgbìmọ̀. Ó wá a, kò rí i, ó sì jókòó. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ pàtàkì sí orí nìkan mọ́. Wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìlà kúkúrú kúkúrú bí ìwé Sáàmù, kí ojú lè mú ìlà kan ní ìwò kan. Ní ọdún 2014, Ed Miliband, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ti ilẹ̀ Britain nígbà náà, sọ̀rọ̀ láìmú ìwé dání níbi àpérò ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester, ó sì gbàgbé apá tó kan bí ìnáwó ìjọba ṣe ju owó tó ń wọlé lọ, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn alátakò ń dúró láti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a há sórí dà bí ẹ̀wọ̀n: bí ojú ẹ̀wọ̀n kan bá já, ọpọlọ yóò fò sórí èyí tó bá kọ́kọ́ rántí, asọ̀rọ̀ kò sì ní mọ̀ pé àlàfo kan wà lẹ́yìn òun.

Ohun tí mo rí pé ó dára jù ni kí ẹ há gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ àti gbólóhùn ìkẹyìn sórí, kí ẹ sì kọ orí ọ̀rọ̀ márùn-ún sí méje sórí káàdì kan. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ ṣi sọ, ẹ mú odindi rẹ̀ dání, àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ: lẹ́tà ńlá, ìwọ̀n 16 tàbí 18, ìlà kan fún èémí kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ márùn-ún sí mẹ́sàn-án, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ ìwé sílẹ̀ lófìfo, torí bí ojú bá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àgbọ̀n yóò wọ àyà, ohùn yóò sì kú. Gbólóhùn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé kan kó parí sí òmíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ má fi pín-ìnnì dè é. Ẹ máa rọra tì í sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí ẹ máa ṣí i. Lẹ́tà ńlá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ arúgbó. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú Mandela sílẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990, ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, awò Winnie ìyàwó rẹ̀ ló yá tó fi ka ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń dúró dè.

Ẹ̀rọ teleprompter, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú asọ̀rọ̀ kó lè máa kà á, náà ń jáni kulẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni Ààrẹ Bill Clinton bá lójú ẹ̀rọ nígbà tó dé iwájú àwọn aṣòfin láti sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlera. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí wọ́n tó rí èyí tó yẹ. Ohun tó gbà á là ni pé títí di wákàtí ìkẹyìn lòun fúnra rẹ̀ ṣì ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ fún yín, tí ẹ kò fọwọ́ kàn, kò ní dúró tì yín lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìròyìn burúkú lẹ gbé wá, ẹ má kí èèkàn ìlú kankan kí ẹ tó sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1968, Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ John Kennedy tí wọ́n pa, lọ bá èrò ní Indianapolis, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti pa Martin Luther King. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ pátákó tí wọ́n gbé dání kalẹ̀, ó sì sọ ìròyìn náà lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n ké. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ pé wọ́n pa ẹ̀gbọ́n tòun náà. Bí asọ̀rọ̀ bá ń yí ìròyìn burúkú ká, inú àwọn olùgbọ́ á ti máa kó àwọn ohun tó burú jù ú lọ jọ, wọn kò sì ní gbọ́ ìtùnú kankan.

Jíjẹ́ kí wọ́n ké yẹn, iṣẹ́ ni. Ìdákẹ́ wà lára ọ̀rọ̀. Ní Tucson, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011, Ààrẹ Obama dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 51 lẹ́yìn tó dárúkọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ìbọn pa. Irú ìyẹn kò ṣeé gbèrò. Èyí tí a lè gbèrò kéré: lẹ́yìn gbólóhùn tó wúwo, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú, ẹ má gbé ojú sílẹ̀, ẹ má sì sọ “ẹ̀ẹ̀ẹ̀”. Lójú ẹni tó dúró síwájú, yóò dà bí ọdún kan. Lójú ẹni tó jókòó, èémí lásán ni.

Ní ti ohùn, Margaret Thatcher, olórí ìjọba Britain nígbà kan rí, gba olùkọ́ ohùn kí tirẹ̀ lè lọ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ó máa ń tínrín bó bá gbé e sókè láti borí ariwo. Ẹ fi ọwọ́ lé ikùn: bí ẹ bá mí sínú, ikùn ni kó wú, kí èjìká má gbéra. Àléébù tó wọ́pọ̀ jù ni kí ohùn máa kú bí gbólóhùn bá ń parí lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ máa ń wà. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ka ìwé sókè, kí ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohùn mọ́ Theresa May, olórí ìjọba Britain nígbà náà, lẹ́nu ní àpérò ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2017, lẹ́tà tó wà lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ń já bọ́. Omi tí kò tutù ni kí ẹ gbé sí tòsí; bí ikọ́ bá dé, ẹ mu díẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi ipá ha ọ̀fun. Kí ẹnì kan sì lọ fi ọwọ́ mi gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn yín kí èrò tó dé.

Ẹni tí wọn yóò gbé sórí amóhùnmáwòrán, kó béèrè àwọ̀ ògiri. Nínú ìjíròrò àwọn méjì tó ń du ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, àwọ̀ aṣọ Richard Nixon fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ògiri dọ́gba, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, òógùn ń bò ó; John Kennedy wọ aṣọ dúdú, ó sì ń wo ojú kámẹ́rà.

Máíkì ní tirẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí gbọ̀ngàn ń gbọ́. Ní Iowa, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004, Howard Dean, ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà, pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀. Máíkì ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń mú ohùn ẹnu nìkan, tó ń ti ariwo àyíká sẹ́yìn. Ariwo èrò kò wọlé. Àwọn tó wà nílé rí ọkùnrin kan tó ń ké ṣáá láìsí ìdí. Bí máíkì bá ti wà, òun ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ ìpariwo. Ẹ gbé e tó ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu, kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ètè, kí èémí “b” àti “p” má baà gbá a. Ẹ má fi ìka gbá a láti dán an wò, gbólóhùn yín àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi dán an wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984, àwàdà ni Ààrẹ Reagan fi dán tirẹ̀ wò, ó ní bọ́ǹbù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lu Rọ́ṣíà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ayé gbọ́ ọ.

Bákan náà ni nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2010, Gordon Brown, olórí ìjọba Britain nígbà náà, bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà ní ojú pópó, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bú obìnrin náà níbi tó rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Máíkì ilé iṣẹ́ ìròyìn ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ má dúpẹ́, ẹ má ráhùn, títí ẹ ó fi yọ máíkì kékeré yẹn kúrò láyà aṣọ yín, tí ẹ ó sì fà á lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́.